Ẹja Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Ń Tà: Bí A Ṣe Ń Jẹun Nílé Unagi ní Jàpáànù

Ìtàn kan wà tí àwọn aláwàdà ilẹ̀ Jàpáànù ti ń pa láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Ahun kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja unagi. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ahun á gbé abọ́ ìrẹsì funfun jókòó, á máa fa òórùn ẹja símú, á sì máa jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ. Òórùn ni ọbẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù, onílé oúnjẹ gbé ìwé gbèsè wá bá a, ó ní kó san owó òórùn tó ti ń gbọ́. Ahun ò jiyàn. Ó fa àpò owó rẹ̀ yọ, ó mì ín, owó dún woroworo. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ìró owó ni mo fi san owó òórùn yín."

Ẹni tó bá ti gba iwájú ilé unagi kọjá rí lọ́wọ́ ọ̀sán mọ̀ pé ahun yẹn ò jẹ̀bi púpọ̀. Ọ̀rá ẹja ń kán sórí èédú, omi ọbẹ̀ dídùn ń jó mọ́ ọn lára, èéfín ń gba ojú fèrèsé bọ́ sí títì. Kì í ṣe èèṣì ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ ojú ààrò sí ìta.

Ṣùgbọ́n ẹni tí òórùn fà wọlé gan-an ni ọ̀rọ̀ mi kàn. Ó wọlé, ó jókòó, wọ́n gbé ìwé oúnjẹ fún un, ó wá rí i pé ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ igi mẹ́ta pín in. Owó tó kéré jù nínú rẹ̀ ju owó tí ènìyàn fi ń yó nílé oúnjẹ mìíràn lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn tó sì ti sọ èyí tó fẹ́, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó fún àwọn ní 40 ìṣẹ́jú. Àlejò á máa wò ó pé bóyá wọ́n ń fi òun ṣeré. Ẹnikẹ́ni ò fi í ṣeré. Ẹja yìí ṣòroó rí, ó ṣòroó pa, ó sì ṣòroó yan, kò sì tíì sí ẹni tó rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu nílé unagi ti wá.

Ẹja tó jọ ejò

Mi ò ní tàn yín: unagi jọ ejò. Ó gùn, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun. Ẹja ni ṣá. Ó ní lẹbẹ, ó tilẹ̀ ní ìpẹ́, àmọ́ ìpẹ́ ọ̀hún kéré débi pé inú awọ ló rì sí, ojú lásán ò lè rí i. Àwọn Júù tó ń pa òfin oúnjẹ mọ́ kì í jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìjọ yín kì í jẹ àrọ̀ nítorí pé kò ní ìpẹ́, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín máa já sí.

Ó ní ìbátan kan tó ń gbé inú òkun, tí wọ́n ń pè ní anago. Orúkọ wọn jọra, ìrísí wọn jọra, àwọn ènìyàn sì ń fi ọ̀kan pe èkejì. Anago kò lọ́ràá tó unagi, adùn rẹ̀ ò sì le lẹ́nu. Ilé sushi, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹja lé ìrẹsì kéékèèké, lẹ ti sábà máa ń rí i. Unagi ní tirẹ̀, odò ni ó ti ń dàgbà, ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, òun sì ni ilé oúnjẹ tí à ń sọ yìí dá lé lórí.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀rù ẹja tútù ilẹ̀ Jàpáànù ń bà. Ẹ̀jẹ̀ unagi ní májèlé nínú, iná ló sì ń pa á. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹ oríṣiríṣi ẹja láìfi kan iná, unagi kì í sábà sí lára wọn. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí i lórí sushi, ó ti gba orí iná kọjá kó tó débẹ̀. Kò sí ilé tó rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ ẹja tútù bí ilé unagi.

Ẹ má wàhálà láti wá a. Aṣọ kúkurú tí wọ́n ń ta sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní noren, sábà máa ń ní lẹ́tà う ní ara, gàdàgbà. "U" ni wọ́n ń kà á, òun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹja náà, ọ̀pọ̀ ilé sì ń ya ìrù lẹ́tà yìí kó rí bí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà Jàpáànù kankan lè fi ẹyọ yìí nìkan dá ilé unagi mọ̀.

Igi mẹ́ta inú ìwé oúnjẹ

Matsu, take, ume. Igi páìnì ni matsu, oparun ni take, ume sì jẹ́ igi eléso kan tó máa ń yọ òdòdó lópin ìgbà òtútù. Matsu ló wọ́n jù, owó ume ló kéré jù. Àlejò tó bá rí i á rò pé ẹja tó dáa jù ni ti matsu, pé ti ume á jẹ́ èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Ojú á wá tì í láti mú ume, á na owó tí kò yẹ kó ná.

Nílé púpọ̀, ẹja kan náà ni. Láti inú omi kan náà ni wọ́n ti mú un, ọwọ́ kan náà ló yan án. Bó ṣe pọ̀ tó ni igi mẹ́ta yẹn ń sọ. Ti ume lè jẹ́ ìdajì ẹja tàbí kó lé díẹ̀, ti matsu lè jẹ́ odindi kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibòmíràn, ọbẹ̀ olómi àti nǹkan ìpanu díẹ̀ ni wọ́n fi kún un. Kò sí òfin tó de gbogbo ilé pọ̀: àwọn kan wà tí wọ́n yí i po, tí ume wọn jẹ́ èyí tó wọ́n jù. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ lo igi, wọ́n ń kọ nami, jō, tokujō, bí ẹní ń sọ pé gbáàtúù, tó jù ú lọ, àti ọ̀gá wọn. Ẹ wo iye owó, ẹ fi igi sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè, ẹ sọ pé "Chigai wa ryō desu ka?", ìyẹn ni pé ṣé bó ṣe pọ̀ sí ni ìyàtọ̀ wọn. Agbáwo kankan ò ní bínú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ.

Unajū àti unadon náà ń da àwọn ènìyàn rú. Ẹja yíyan lórí ìrẹsì gbígbóná ni méjèèjì. Inú àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀dà dídán dúdú tàbí pupa kùn ni unajū ń wà. Inú abọ́ kòtò ni unadon. Ẹja inú àpótí sábà máa ń pọ̀ ju ti inú abọ́ lọ, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n jù. Abọ́ ló ṣíwájú. Wọ́n ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan tó ń fi owó ṣe onígbọ̀wọ́ eré orí ìtàgé ní Edo, ìlú tó di Tokyo, ìyẹn Ōkubo Imasuke, fẹ́ràn unagi bí ojú, àmọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé eré, ó ti tutù. Ó ní kí wọ́n máa tẹ́ ẹ sórí ìrẹsì gbígbóná wá fún òun. Omi ọbẹ̀ ẹja wọ ìrẹsì lọ, oúnjẹ tuntun dé.

Ọ̀nà méjì ni yíyan pín sí. Kabayaki ni èyí tí wọ́n ń rì sínú omi ọbẹ̀ dídùn bí wọ́n ṣe ń yan án. Òun ló wà lórí unajū àti unadon. Shirayaki kò ní omi ọbẹ̀ rárá, wọ́n kàn yan án ní funfun, ẹ ó fi iyọ̀ díẹ̀ àti wasabi, gbòǹgbò lílọ̀ tó ń ta dé imú, jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ kabayaki, ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ adùn rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ gba shirayaki kan kí ẹ pín in, kí ẹ lè mọ bí ẹja náà ṣe ń dùn fúnra rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín 40 ìṣẹ́jú yẹn?

Nílé tó mọṣẹ́, ẹja yín ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ wọlé. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ ni alásè tó mú un. Unagi ń yọ̀ ju ilá lọ, ọwọ́ ò ká a, nítorí náà irin ṣóńṣó ni wọ́n fi ń kàn án lórí mọ́ pátákó kó tó dúró. Ọ̀bẹ á wọlé nítòsí ọrùn, á sáré dé ìrù láìdúró. Egungun ẹ̀yìn á jáde ní odindi, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á bọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í pẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ẹ kàn máa rò pé bí wọ́n ṣe ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni igi gígún. Ẹran ẹja yìí máa ń ká jọ lórí iná, igi tín-ín-rín lára rẹ̀ ló ń mú un dúró pẹrẹsẹ. Bí igi bá súnmọ́ awọ jù, awọ á ya. Bó bá jìnnà sí awọ, ẹran á já bọ́ sínú èédú. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ yìí: ọdún 3 ni wọ́n fi ń kọ́ igi gígún, ọdún 8 ni wọ́n fi ń kọ́ ẹja lílà, yíyan ni wọ́n ń kọ́ títí wọ́n á fi kú. Àwọn kan ń pe iye ọdún àárín yẹn ní 5. Kò sí ẹni tó ń dín ti yíyan kù.

Láti ibí yìí, ọ̀nà Tokyo àti ti Osaka yà. Ní Tokyo àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń la ẹja. Wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á fi igi oparun gún un, wọ́n á yan án fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, wọ́n á wá gbé e sórí ooru omi bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín, kí ọ̀rá tó pọ̀ jù lè yọ́ kúrò. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń rì í sínú omi ọbẹ̀, tí wọ́n ń dá a padà sórí iná, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ooru omi yìí ló ń jẹ àkókò. Ní Osaka, ikùn ni wọ́n ti ń là á, odindi ni wọ́n ń fi irin gún, orí iná ló sì ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti Tokyo á rọ̀ bí èyí tó fẹ́ yọ́ lẹ́nu. Ti Osaka, awọ rẹ̀ á gan, ẹran rẹ̀ á ṣeé rún. Ti Osaka lèmi fẹ́ràn. Ó ń rán mi létí pé orí iná ni mo ti gbà á. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tí kò lè fọwọ́ kàn án, tó ní ti Tokyo ni oúnjẹ ẹni tí eyín rẹ̀ ti ń mì.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń la ẹ̀yìn, tí èkejì ń la ikùn? Àlàyé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé Edo, tó di Tokyo, jẹ́ ìlú àwọn jagunjagun samurai, àwọn tó ń fi ọ̀bẹ ya ikùn ara wọn kí orúkọ wọn má baà bàjẹ́; èèwọ̀ ojú ni ikùn lílà lọ́dọ̀ wọn. Osaka jẹ́ ìlú oníṣòwò, lọ́dọ̀ tiwọn, kí ènìyàn "la ikùn" ni pé kó sọ òtítọ́ inú rẹ̀. Àlàyé yìí dùn, àmọ́ èyí tí àwọn alásè kan ń ṣe wọ̀ mí létí jù ú lọ: ẹran ikùn fẹ́lẹ́, bí ẹ bá là á láti ibẹ̀, etí ẹja ni ẹran fẹ́lẹ́ yìí máa wà, bó bá sì ti rọ̀ lórí ooru omi tán, á já kúrò lórí igi. Bí ẹ bá là á láti ẹ̀yìn, ẹran tó nípọn ló máa wà létí. Osaka tí kì í lo ooru omi kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ní Osaka náà, ẹ lè rí i kí wọ́n kọ mamushi sí ara ìwé oúnjẹ. Mamushi ni orúkọ paramọ́lẹ̀ kan ní èdè Jàpáànù. Paramọ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbé wá o. Orúkọ tí wọ́n ń pe unagi lórí ìrẹsì ládùúgbò yẹn ni.

Ó ku omi ọbẹ̀. Tare ni wọ́n ń pè é: omi ẹ̀wà sóyà tó dúdú, tó níyọ̀, pẹ̀lú mirin tó jẹ́ ọtí ìrẹsì dídùn, àwọn mìíràn ń fi ṣúgà kún un. Ìkòkò rẹ̀ kì í gbẹ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ri ẹja gbígbóná sínú rẹ̀, ọ̀rá ẹja ń ṣẹ́ sínú ìkòkò, wọ́n ń bu tuntun kún èyí tó lọ. Àwọn ilé àtijọ́ ń fi ìkòkò yìí yangàn, wọ́n á ní bí iná bá ṣẹ́ nílé, òun ni àwọn kọ́kọ́ máa gbé sá. Ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé omi ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ ń lá. Ohun tí wọ́n bù lò lánàá ni wọ́n fi tuntun rọ́pò lónìí. Ohun tó kù nínú ti bàbá ńlá wọn kò tó nǹkan. Ohun tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é.

Mùsùlùmí tí kì í fẹnu kan ọtí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọtí ni mirin, wọ́n sì lè fi ọtí ìrẹsì mìíràn, sake, kún tare. Iná ti gbà á kọjá, àmọ́ ọtí ni wọ́n fi ṣe é. Shirayaki kò ní tare, síbẹ̀ àwọn kan ń wọ́n sake sí ẹja kí wọ́n tó yan án. Ẹ béèrè: "Osake wa haitte imasu ka?", ìyẹn ni pé ṣé ọtí wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn tó.

Bí ẹ ṣe ń dúró

Àwọn àgbà Edo ní tiwọn, ewébẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ ni wọ́n fi ń mu sake díẹ̀díẹ̀ títí ẹja á fi jinná. Wọ́n ní kò bójú mu kí ènìyàn máa kan alásè unagi lójú. Lóde òní, nǹkan kéékèèké wà tí ẹ lè gbà: umaki, ẹyin dídín tí wọ́n fi wé unagi, uzaku, unagi tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ kùkúńbà àti omi kíkan, egungun ẹ̀yìn tí wọ́n dín gbẹ títí ó fi ń dún lẹ́nu bíi kókóró Ìlaròó. Kimoyaki, ẹ̀dọ̀ àti ìfun tí wọ́n yan lórí igi, ló máa ń kọ́kọ́ tán, nítorí pé ẹja kan ò ní ju ẹ̀dọ̀ kan lọ, igi kan sì ń gba ti ẹja bíi mélòó kan. Ó korò díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ewúro máa fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ má gba gbogbo rẹ̀ ṣá. Unagi lọ́ràá, ìrẹsì abẹ́ rẹ̀ ò sì kéré.

Tí àpótí bá dé, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti igun kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi igi ìjẹun gé ẹja díẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé méjèèjì pọ̀ sẹ́nu. Ẹ má pò ó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wa máa ń yá láti po ìrẹsì mọ́ ọbẹ̀, àmọ́ omi ọbẹ̀ ti wà nínú ìrẹsì yẹn, ẹja tó wà lókè ni wọ́n fi odindi ọjọ́ ayé kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan. Abọ́ ọbẹ̀ olómi kékeré tó bá a wá, kimosui, ẹ fi ọwọ́ gbé e, ẹ mu ún láti etí abọ́. Ohun rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ àti ìfun ẹja, ó ṣeé jẹ.

Ìgò kékeré kan tún wà lórí tábìlì, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀. Sansho nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní ata, kì í sì ta bí ata. Ṣe ló ń mú kí ahọ́n máa jó, kó kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti awọ ọsàn wẹ́wẹ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ti run orín àta rí kò nílò àlàyé: bí àta ṣe ń ṣe ẹnu nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lórí gan-an ni sansho ń ṣe. Kì í sì í ṣe èèṣì. Ìbátan ni igi méjèèjì, inú ìdílé kan náà tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Zanthoxylum ni wọ́n wà. Àwọn ará Jàpáànù ń wọ́n ọn sí unagi kó lè gé ọ̀rá rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ wọ́n díẹ̀ sí apá kan ná, kí ẹ tó wọ́n ọn ká gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ń gbé ẹja sókè, wọ́n ń wọ́n ọn sórí ìrẹsì abẹ́ rẹ̀, kí òórùn rẹ̀ má baà bo ti ẹja mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n ni.

Bó bá jẹ́ Nagoya lẹ wà, oúnjẹ tiwọn yàtọ̀, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Hitsumabushi ni. Wọ́n ti gé unagi wẹ́wẹ́ sórí ìrẹsì nínú igbá onígi kan, wọ́n á fún yín ní abọ́ kékeré àti ṣíbí ìbu-ìrẹsì. Ẹ pín in sí mẹ́rin lójú. Abọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe wà. Ìkejì, ẹ fi àlùbọ́sà eléwé, wasabi àti ewé òkun gbígbẹ sí i. Ìkẹta, ẹ da omi ẹja gbígbóná tàbí tíì lé e lórí, kó rọ̀. Ìkẹrin, ẹ padà sí èyí tó dùn mọ́ yín jù. Ilé Atsuta Hōraiken, tó ti wà láti 1873 nítòsí ojúbọ ńlá Atsuta, ló gbé orúkọ oúnjẹ yìí forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Nísàlẹ̀ gúúsù lọ́hùn-ún, ní Yanagawa ní erékùṣù Kyushu, ṣe ni wọ́n ń gbé ìrẹsì àti ẹja lápapọ̀ sórí ooru omi nínú àpótí onígi; ilé Motoyoshiya níbẹ̀ ti ń ta á láti 1681.

Ọjọ́ màlúù

Bí ẹ bá dé Jàpáànù lópin oṣù keje, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó ti rí àwòrán unagi. Ọjọ́ màlúù ìgbà ooru ló fà á. Ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn, ẹranko méjìlá ló ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn, bí òrìṣà ṣe ń pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wa mẹ́rin. Nǹkan bíi ọjọ́ 18 tó ṣíwájú ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìkórè ni wọ́n ń pè ní doyō. Ọjọ́ tó bá bọ́ sí ti màlúù láàárín rẹ̀ ni ọjọ́ unagi. Nítorí pé 18 ju 12 lọ, ọdún mìíràn wà tí ọjọ́ náà ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní onímọ̀ kan, Hiraga Gennai, tó gbé ayé láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ló dá a sílẹ̀. Onílé unagi kan tí ọjà rẹ̀ kò tà nígbà ooru ló lọ gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Gennai ní kó kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé "Òní ni ọjọ́ màlúù." Ushi ni wọ́n ń pe màlúù, "u" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun tí orúkọ rẹ̀ bá fi "u" bẹ̀rẹ̀ dára lọ́jọ́ yẹn. Ọjà tà. Ìgbàgbọ́ pé unagi ń fún ènìyàn lókun nínú ooru ti wà kí Gennai tó dé ṣá: ní ọ̀rúndún kẹjọ, akéwì Ōtomo no Yakamochi ti fi ewì ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó rù ní yẹ̀yẹ́, ó ní kó lọ mú unagi jẹ.

Ohun tí ìpolówó ò sọ ni pé ìgbà ooru kọ́ ni unagi odò ń dùn jù. Ìgbà tó bá ń múra àtilọ sí òkun, láti ìgbà ìkórè wọ ìgbà òtútù, ni ó ń sanra. Èyí tí wọ́n sìn nínú adágún ni wọ́n ń tò kó bọ́ sí oṣù keje. Èmi kì í lọ lọ́jọ́ màlúù. Èrò á tò lọ rẹrẹ, alásè á máa kánjú, àwọn ilé àgbà kan tilẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ náà.

Owó rẹ̀

Unajū nílé tó mọṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 3,000 sí 6,000 yen, àwọn ilé olórúkọ ń kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ kíákíá ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti yan tiwọn tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Kò burú. Ó kàn jẹ́ oúnjẹ mìíràn ni.

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó rí ẹyin unagi rí. Àwọn ará Jàpáànù ní òwe kan pé iṣu orí òkè ló ń yí padà di unagi, iṣu tó bá yọ́ bọ́ sínú odò. Wọ́n fi í pa á lówe fún ohun tí kò ṣeé ṣe, síbẹ̀ ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ọdún 2009 ni ikọ̀ onímọ̀ òkun tí Katsumi Tsukamoto ṣáájú tó rí ẹyin unagi Jàpáànù nínú òkun, níwájú àwọn erékùṣù Mariana, ní ìwọ̀ oòrùn wọn, ibi tó jìnnà sí Jàpáànù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ibẹ̀ ni ẹja tó ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún nínú odò ń padà lọ yé ẹyin sí, ibẹ̀ náà ló ń kú sí. Ọmọ rẹ̀ á rí bí ewé tó mọ́ gaara, ìṣàn òkun á gbé e padà wá sétí Éṣíà. Nígbà tó bá débẹ̀, ó ti di fọ́nrán tín-ín-rín kan tí ojú ń là kọjá.

Fọ́nrán yìí ni àwọn apẹja ń fi àwọ̀n gbọ́n lóru, nígbà òtútù. Òun ni wọ́n ń tà fún àwọn olùsìn ẹja ní Kagoshima, ní Aichi, ní Miyazaki àti ní Shizuoka. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé unagi ọ̀sìn ni, ẹ mọ̀ pé bíbọ́ nìkan ni wọ́n bọ́ ọ. Òkun ló bí i. Kò dà bí àrọ̀ tí olùsìn ẹja lè fún ní abẹ́rẹ́ kó sì gba ẹyin rẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìjọba Jàpáànù mú unagi láti ẹyin dé orí ẹyin ìran kejì nínú ilé ìwádìí, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, ṣùgbọ́n iye tó ń náni pọ̀ débi pé òkun ṣì ni ọjà gbójú lé. Ọdún tí òkun bá háwọ́, owó fọ́nrán yìí á fò sókè. Àwọn ará Jàpáànù ní gbólóhùn kan fún iye tó ń gòkè láìdúró: unagi-nobori, unagi tó ń gun òkè.

Ó sì ń háwọ́. Ní 2014, àjọ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, kọ unagi Jàpáànù mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àtiparun. Pípa ní àpajù, odò tí wọ́n fi kọnkéré tò, ìdènà omi tí ẹja ò lè gùn, ìyípadà ìṣàn òkun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ. Àwọn kan ti jáwọ́ nínú jíjẹ rẹ̀. Èmi ò tíì jáwọ́, àmọ́ mo ti sọ ọ́ di ohun ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nílé tó ń pa á nítorí ẹni tó jókòó, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó jọ sínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á sì dànù bí ọjọ́ màlúù bá kọjá.

Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ sọ pé "Gochisōsama deshita", ìyẹn ni pé ẹ ṣeun fún oúnjẹ, kí ẹ tó dìde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbowó. Ẹ má fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún agbáwo, wọ́n á sáré tẹ̀ lé yín pé ẹ gbàgbé owó. Àwọn ilé àtijọ́ kan ò gba káàdì, ẹ mú owó bébà dání. Kí ẹ sì pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó lọ: iye ẹja tí wọ́n bá ní láàárọ̀ ni wọ́n ń tà, bó bá ti tán, wọ́n á ká noren wọlé, ì báà jẹ́ aago kan ọ̀sán.